Dókítà Tí Kì Í Ṣe Dókítà Yín: Ìmọ̀ràn Fún Òṣìṣẹ́ Tí Ó Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìlera ni oògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹun, ọjọ́ tí ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn náà bá kọṣẹ́ ni yóò mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́ tó. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, pàápàá jùlọ ní New York. Òmíràn ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, òmíràn ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn ń wakọ̀, òmíràn sì ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Irú iṣẹ́ wọ̀nyí a máa dá ẹ̀yìn, èjìká àti orúnkún lóró.

Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, òfin fún un ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àti owó gbà-má-bìínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti ń gba owó náà fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ìwé kan lè dé sí ilé rẹ̀ pé kí ó lọ rí dókítà kan tí kò mọ̀ rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe èyí ní àyẹ̀wò dókítà tí ó dá dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti wọ yàrá dókítà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ó sì ti ibẹ̀ pàdánù oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó purọ́, bí kò ṣe nítorí pé kò mọ ohun tí ó bá lọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á la ọ̀rọ̀ náà yé yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ lè kọ ọ́ sí ẹni yín tí ó wà lókè òkun.

IBI TÍ ÒFIN NÁÀ TI WÁ

Láyé àtijọ́, òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́ níláti lọ sí kóòtù, kí ó sì fi hàn pé ọ̀gá rẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Ọ̀gá ní owó lọ́yà, òṣìṣẹ́ kò ní. Kí ẹjọ́ tó parí, ebi ti mú gbogbo ilé. Ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin kan ní 1910 láti tún èyí ṣe, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta, ọdún 1911, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé e. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 25 oṣù kẹta, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní ìlú New York. Òṣìṣẹ́ 146 ni ó kú. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn, wọ́n sì ti ti ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí wọn ìbá gbà sá jáde pa. Ẹkún tí ó sọ ní ìlú lọ́jọ́ náà kò ṣeé gbàgbé. Ní 1913 àwọn aráàlú dìbò pé kí a yí ìwé òfin àgbà ìpínlẹ̀ náà padà, òfin tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1914.

Àdéhùn ni òfin náà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kò tún níláti fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi kí ó tó gba owó. Òun náà kò sì lè pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ fún owó ńlá mọ́. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí ọ̀gá ń sanwó fún ni yóò máa san owó ìwòsàn àti apá kan nínú owó iṣẹ́.

Àdéhùn tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti mú ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kúrò láàárín, kí ni ó kù tí a lè jà lé lórí? Ara òṣìṣẹ́ náà ni. Ṣé lóòótọ́ ni ó fara pa? Ṣé iṣẹ́ ni ó fà á, tàbí ọjọ́ orí? Báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Ṣé kò tíì lè padà sẹ́nu iṣẹ́? Dókítà ni ó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Dókítà tí ń tọ́jú òṣìṣẹ́ a sọ tirẹ̀, òfin sì gba ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láyè láti mú dókítà tiwọn wá kí ó sọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

BÍ Ọ̀RỌ̀ DÓKÍTÀ ṢE Ń DI OWÓ

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò hàn yín. Ní New York, owó tí òṣìṣẹ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ rárá ń gbà lọ́sẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá ti kọjá iye tí òfin fi ṣe òpin. Bí dókítà bá sọ pé kì í ṣe gbogbo agbára rẹ̀ ni ó lọ, a óò dín owó náà kù gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí dókítà sọ.

Ká ní ìyá kan ń gba dọ́là 900 lọ́sẹ̀ nídìí ìtọ́jú arúgbó. Ó ń gbé aláìsàn kan láti orí ibùsùn sórí àga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dún kà. Dókítà rẹ̀ sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ rárá. Dọ́là 600 ni yóò máa gbà. Dókítà ìnṣọ́ránsì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìdajì agbára rẹ̀ ni ó lọ. Bí adájọ́ bá gba ti dókítà yìí, owó náà yóò dín kù. Bí ó bá sì ní ara rẹ̀ ti dá pátápátá, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá owó náà dúró. Ẹ wò ó bí gbólóhùn kan nínú ìwé dókítà ti lè jẹ́ owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ.

ṢÉ LÓÒÓTỌ́ NI Ó DÁ DÚRÓ?

Ó yẹ kí á sọ ọ́ bí ó ti rí. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ó ń yan dókítà yìí, àwọn ni ó sì ń sanwó rẹ̀. Kì í ṣe dókítà tí yóò tọ́jú yín. Kò ní fún yín ní oògùn, ohun tí ẹ bá sì bá a sọ kì í ṣe àṣírí láàárín ẹ̀yin méjèèjì, nítorí gbogbo rẹ̀ ni yóò kọ sínú ìròyìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbà kan péré ni yóò rí yín, fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Síbẹ̀, kí á má ṣe bú gbogbo wọn. Olóòótọ́ wà láàárín wọn tí ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà mìíràn, ojú tuntun a rí àrùn tí dókítà àkọ́kọ́ kò kíyè sí. Òfin New York sì béèrè pé kí dókítà bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó gbà-má-bìínú òṣìṣẹ́, àti pé kí ó má jẹ́ ẹni tí ó ti tọ́jú òṣìṣẹ́ náà rí fún ìpalára náà. Nítorí náà, ẹ má lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìjà. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ NÁÀ Ń WÒ

Àyẹ̀wò náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ó ń wo bí ẹ ṣe ń rìn wọlé, bí ẹ ṣe ń bọ́ ẹ̀wù, bí ẹ ṣe gun orí ibùsùn. Yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yí ọrùn, kí ẹ gbé apá sókè, yóò sì wọn ibi tí ó dé. Yóò fi òòlù kékeré lu orúnkún yín láti mọ̀ bóyá iṣan ń jẹ́ ìpè. Yóò fi okùn ìdíwọ̀n wọn itan tàbí apá méjèèjì, nítorí pé apá tí ènìyàn kò lò fún oṣù púpọ̀ a máa tín-ín-rín ju èkejì lọ. Yóò ní kí ẹ dùbúlẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ yín sókè, kí ó lè mọ̀ bóyá ìrora ti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún wò ó bóyá àwọn ohun tí ó rí bá ara wọn mu. Bí apá kan kò bá lè gbókè nígbà tí ó ní kí ẹ gbé e, tí ó sì gbókè nígbà tí ẹ ń wọ ẹ̀wù, yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní 1980, dókítà eegun kan tí ń jẹ́ Gordon Waddell, ní Scotland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn àmì kan fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Fún àpẹẹrẹ, bí dókítà bá fi ọwọ́ tẹ àtàrí ènìyàn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tí onítọ̀hún sì ní ìbàdí òun dun òun, ọ̀kan nínú àwọn àmì náà nìyẹn. Ohun tí Waddell ń wá ni bí a ṣe lè mọ aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú nílò ìtọ́jú, tí ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ nìkan kò lè wò sàn. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun tí a fi ń mú òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá wà nínú ìròyìn nípa yín, ẹ jẹ́ kí dókítà yín àti lọ́yà yín mọ̀.

"A DÚPẸ́" LÈ DI ẸLẸ́RÌÍ LÒDÌ SÍ YÍN

Níbí yìí ni àwa Yorùbá ti máa ń kó sí wàhálà, nítorí ìwà ọmọlúàbí wa. A kò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ burúkú sí ara wa. Bí a bá bi ẹni tí ìrora kò jẹ́ kí ó sùn mọ́jú pé ṣé dáadáa ni, yóò ní adúpẹ́ ni. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń rí:

"Ẹ káàárọ̀, madam. Báwo ni ara?"

"A dúpẹ́, dókítà. Kò burú."

"Ṣé ẹ̀yìn náà ti fúyẹ́?"

"Ọlọ́run ń ṣe é. Yóò dára."

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí mọ̀ pé ìyá náà kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan. Ó kí ènìyàn ni, ó sì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n dókítà tí kò mọ àṣà wa yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti ń yá. A kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun síta níwájú irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ẹ kí i tán, kí ẹ wá sọ ọ́ gbangba pé: "Ẹ̀yìn mi ń dùn mí láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ òsì. N kò lè jókòó ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jí lóru àná." Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ láti sọ ibi tí ó ń dunni. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ orúnkún ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí, ẹ má kúnlẹ̀ kí dókítà nítorí pé ó jẹ́ àgbà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni, ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má sì fipá bẹ̀rẹ̀ gbé àpò tí ó jábọ́ nítorí pé ojú ń tì yín. Ìkíni pẹ̀lú ẹnu tó.

ẸNI TÍ Ó BÁ FI IYỌ̀ KÚN UN

Bí ìpamọ́ ti burú, bẹ́ẹ̀ ni àsọdùn burú. Ẹni tí ó bá ń tiro wọ yàrá dókítà, tí ó sì ń rìn gaaraga lọ sí ibùdókọ̀, ó ti ba ọ̀ràn ara rẹ̀ jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì a máa rán ayàwòrán lọ ṣọ́ ènìyàn nígbà mìíràn, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní òde àríyá. Òfin New York sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí ohun tí ó ṣe pàtàkì láti gba owó yìí lè pàdánù rẹ̀.

Ẹ má sì fi àrùn àtijọ́ pamọ́. Bí ẹ̀yìn bá ti dùn yín rí ní Ìbàdàn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́. Àwòrán inú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti lé ní ogójì ọdún a máa fi hàn pé eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni ìrora kankan kò ṣe wọ́n. Bí àrùn kan bá ti sùn, tí kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sì jí i, òfin kò torí ìyẹn nìkan lé òṣìṣẹ́ dànù. Ẹni tí ó bá pa á mọ́, tí ìwé ilé ìwòsàn sì tú u, òun ni a óò pè ní òpùrọ́. Bákan náà, bí ẹ bá ti lo àgbo, tàbí tí ẹ ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ń to eegun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

ÀWỌN Ẹ̀TỌ́ YÍN NÍ NEW YORK

Èkíní, wọ́n níláti fi ìwé ránṣẹ́ sí yín nípa àyẹ̀wò náà, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ méje ṣáájú. Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ tètè sọ. Ẹ má kàn jókòó sílé, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti lọ láìnídìí lè pàdánù owó rẹ̀.

Èkejì, ẹ lè mú ẹnì kan lọ́wọ́ wọlé, ìbáà jẹ́ ọkọ, aya tàbí ọ̀rẹ́. Ẹ lè gba ohùn sílẹ̀, ẹ sì lè ya fídíò àyẹ̀wò náà. Àǹfààní ńlá ni èyí. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé òun lo wákàtí kan, tí ẹlẹ́rìí yín sì rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹ óò ní ohun tí ẹ lè fi hàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó ọkọ̀ tí ẹ ná lọ síbẹ̀ padà. Ẹ tọ́jú ìwé owó.

Ẹ̀kẹrin, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà náà níláti fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀. Ọjọ́ kan náà, ọ̀nà kan náà, ni ó níláti fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, sí ẹ̀yin, sí lọ́yà yín àti sí dókítà yín. Bí ó bá fi ti yín falẹ̀, lọ́yà yín lè bẹ adájọ́ pé kí ó má gba ìròyìn náà wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú náà ní ẹ̀tọ́ sí owó yìí bí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó béèrè owó gbà-má-bìínú.

BÍ ÌRÒYÌN NÁÀ BÁ BURÚ

Ẹ má sọkún, ẹ má sì sá padà sẹ́nu iṣẹ́ tí yóò sọ yín di arọ. Ìròyìn dókítà ìnṣọ́ránsì kì í ṣe ìdájọ́. Adájọ́ Ìgbìmọ̀ ni yóò wo ti dókítà méjèèjì, ó sì lè gba ti yín. Lọ́yà lè bi dókítà náà ní ìbéèrè lábẹ́ ìbúra. Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀. Lọ́yà kò sì gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín ṣáájú. Adájọ́ ni ó ń fọwọ́ sí owó rẹ̀, inú owó tí ẹ bá gbà ni a sì ti ń yọ ọ́.

Ohun tí ó máa ń borí lọ́pọ̀ ìgbà ni ìwé dókítà tí ń tọ́jú yín, bí ó bá kún. Nítorí náà, ẹ máa lọ rí i déédéé, kí ẹ sì rí i pé gbogbo ibi tí ó ń dùn yín ni ó kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìfarapa tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ ṣòro láti gbà gbọ́ ní oṣù kẹfà. Ẹ fi ìwé sọ fún ọ̀gá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ sì fi ọ̀ràn náà tó Ìgbìmọ̀ létí kí ọdún méjì tó pé.

Àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ìnṣọ́ránsì tàbí adájọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ sì ń já láìmọ̀, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí ibi ìjókòó àti àárín itan kú tìpìrì, kí onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Ẹsẹ̀ lè rọ títí láé bí a bá fi falẹ̀.

FÚN ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ

Òfin kan náà wà ní Nàìjíríà láti 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sínú àpò rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa níláti sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje. Ọdún kan ni a fi sílẹ̀ láti béèrè owó náà. Níbí pẹ̀lú, ìwé dókítà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Òṣìṣẹ́ tí ó bá gba owó kékeré lọ́wọ́ ọ̀gá lábẹ́lẹ̀, tí kò lọ sí ilé ìwòsàn, tí kò sì ní ìwé kankan, kò ní ohun tí yóò fi hàn lọ́jọ́ tí ìrora náà bá padà dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gé ojú ìwé yìí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé aláìsàn tí ó wúwo láìsí olùrànlọ́wọ́, nítorí ẹ̀yìn tí a kò dá lóró sàn ju ẹ̀yìn tí a ń gba owó lé lórí lọ. Bí ìjàǹbá bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ òtítọ́, gbogbo òtítọ́, láìyọ kúrò, láìfi kún un. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gbé ẹrù láìpa ẹ̀yìn lára.